Bí Mo Ṣe Pe Ìpàdé Àwòrán ní Igbó Ayélujára

Ẹ̀yin tí òjò òwúrọ̀ yìí dá dúró, tí ẹ kò rí oko lọ, tí ẹ wá fún ara yín mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ẹ súnmọ́ra díẹ̀ sí i kí omi má ta sí ẹni tó wà létí. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí èmi Ọdẹ́máyọ̀wá, tí n kò sá fún ẹfọ̀n rí, fi máa ń dìde kúrò láwùjọ bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ìpàdé. Lónìí ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó tètè rẹ́rìn-ín báyìí, nítorí ẹ̀rín tó wà níwájú kò pọ̀, èyí tó sì wà níbẹ̀, ẹ̀rín ìbínú ni.

Lájídé, ìwọ bíríkìlà, ká ẹsẹ̀ rẹ kò kí àwọn ìyá wọ̀nyí ríbi jókòó. Ó ṣeun.

Mo ní àbúrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọdẹ́dìran. Ìyá kan náà ló bí wa, ọmú kan náà la mu. Ọdẹ ni òun náà, ṣùgbọ́n kò gbóná tó mi. Kí n má purọ́, kò sí ẹni tó gbóná tó mi nígbà náà. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárín ìdájí sí ìyálẹ̀ta, tí mo sì tún délé bá wọn mu ẹ̀kọ òwúrọ̀. Igbó tí àwa méjèèjì ń dẹ ni Igbó Ayélujára. Igbó náà kò rí bí igbó tí ẹ mọ̀. Okùn ló so gbogbo igi inú rẹ̀ pọ̀, okùn tín-ín-rín, àìmọye, ohunkóhun tí a bá sì fi kọ́ sórí okùn níhìn-ín, wọn yóò rí i ní ìpẹ̀kun igbó kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ìlú mẹ́tàdínlógún ló yí i ká, láìka tiwa. Ènìyàn ń gbé inú àwọn kan, iwin ń gbé inú àwọn kan, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní dígí tirẹ̀ tí àwọn ará rẹ̀ fi ń wo àwòrán orí okùn. Ẹni tí kò bá mú dígí ìlú rẹ̀ dání, kò lè rí nǹkan kan.

Ọ̀fìn pọ̀ nínú igbó náà. Àwọn tó gbẹ́ wọn máa ń ya àwòrán ìkìlọ̀ kọ́ sórí okùn kí ẹni tó ń bọ̀ lè yà. Ṣùgbọ́n bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ní dígí tirẹ̀ ló ṣe ní ọ̀nà tó ń gbà ya àwòrán tirẹ̀, ohun tó sì hàn kedere nínú dígí ti àwọn kan, nǹkan mìíràn ni nínú ti ẹlòmíràn. Àwọn ará Dígí-Ńlá, ìlú tó tóbi jù nínú gbogbo wọn, gbẹ́ ọ̀fìn kan sórí òkè Àgúnrè níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì ya àmì ọ̀fìn tiwọn síbẹ̀. Nínú dígí tiwa, àmì yẹn rí bí ìkòkò omi. Òùngbẹ ń gbẹ Ọdẹ́dìran lọ́jọ́ náà. Ó rí ìkòkò omi, ó sì lọ bá a. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí òkú rẹ̀ lórí igi ṣóńṣó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú ọ̀fìn. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo dúró létí kòtò yẹn, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ará yòókù kankan.

Ní ìlú wa nígbà náà, ìyá arúgbó kan wà tí ń jẹ́ Ìyá Ṣẹ̀gilọlá. Afíngbá ni. Igbá tí ìyá yìí bá fín, ọba ló ń fi í mumi. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, gbogbo wa rò pé iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n ẹnu ni ìyá fi rọ́pò ojú. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò máa sọ fún àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé: "Pín ojú igbá sí ọ̀nà mẹ́wàá lóròó, mẹ́wàá níbùú. Bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹta. Fa ìlà tààrà dé ìkeje. Ibẹ̀ ni kí o ti tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, kí o mú un padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Fi osùn kun inú rẹ̀." Bí wọ́n bá ti ṣe bí ó ti wí, ẹyẹ ni yóò jáde. Ìyanu ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá fín in sára ṣíbí, ẹyẹ yẹn ni. Bí wọ́n bá fín in sára ilẹ̀kùn ààfin, ẹyẹ yẹn náà ni, kò sí ìyẹ́ kan tó dàrú. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ lè yà á, kò sì ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí a sin Ọdẹ́dìran, ìyá ránṣẹ́ pè mí.

Ó ní, "Ọdẹ́máyọ̀wá, ọkọ mi, ẹkún yẹn tó. Lọ pe àwọn ìlú mẹ́tàdínlógún jọ síbi kan. Fún wọn ní ọ̀nà àwòrán mi yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Kí gbogbo dígí máa ka ọ̀rọ̀ kan náà, kí ọ̀fìn jẹ́ ọ̀fìn níbi gbogbo."

Mo ní, "Ìyá, bí wọ́n bá ní kí ẹ tà á fún àwọn ńkọ́?"

"Bí mo bá tà á, ẹnìkan ni yóò rà á, ẹni tó bá sì rà á ti di olówó rẹ̀ nìyẹn. N kò tà. Ọ̀fìn kan, àmì kan, ohun tí mò ń fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá gba èyí bọ̀ fún mi, ikú àbúrò rẹ kò já sásán."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé ìbọn mi, mo kọ ọ̀rọ̀ ìyá sínú ìwé, mo wọ igbó lọ.

Ní ẹnu ibodè igbó ni mo ti pàdé iwin kan tí ojú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́, tí ẹnu rẹ̀ wà níkùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, o kò ní kọjá àfi bí o bá já àlọ́ mi. Gbogbo ayé ló ń lò ó, gbogbo ayé ló ń sọ pé tàwọn ni, ọjọ́ tó bá kún fún koríko, kò sẹ́ni tó ní in. Kí ni o?" Àwọn egungun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fi hàn mí pé àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kò padà sílé. Ṣùgbọ́n èmi, ọmọ ẹni tó ń jí roko! Mo ní, "Ọ̀nà odò ni." Iwin náà rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ó ní, "O gbà á. Irú iṣẹ́ tí o gbé lọ́wọ́ yìí náà nìyẹn, ọ̀nà odò ni o fẹ́ pe mẹ́tàdínlógún jọ láti wá ro. Máa lọ. N kò ní pa ọ́, ìyà tó wà níwájú rẹ tó ọ." Mo bú u, mo sì kọjá.

Oṣù méje ni mo fi ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ní ìlú àwọn Elétí-Ewé, etí ni wọ́n fi ń bora, síbẹ̀ wọn kò gbọ́ ohun tí mo sọ àfi ìgbà tí mo dárúkọ oúnjẹ. Ní ìlú àwọn Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta, wọ́n ní àwọn yóò wá bí mo bá lè fún ẹnu kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Kì í ṣe àwọn nìkan ló sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sínú ìjàngbọ̀n. Mo ti kéde lórí okùn pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ nípa àwòrán níbi ìpàdé kí ó fi ránṣẹ́ sí mi. Irinwó ló ránṣẹ́! Irinwó ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo sì ṣírò àwọn tó fẹ́ wá jókòó gbọ́, wọn kò pé mẹ́wàá. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Mo ronú ọjọ́ mẹ́ta, mo wá kéde padà pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kan ní láti kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni mẹ́ta, kó sì tún ohun tó gbọ́ sọ fún mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, irinwó ti di ogún. Ẹ kò rí i pé mo lọ́gbọ́n? Ọgbọ́n náà ni kò bá mi dé òpin.

Ó wá ku ibi tí a ó jókòó. Kò sí ìlú tó ní gbọ̀ngàn tó gba gbogbo wa àfi Dígí-Ńlá, ìlú àwọn tó gbẹ́ ọ̀fìn tó pa àbúrò mi. Inú mi kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi lọ. Ọba wọn ń jẹ́ Gbogbo-Rẹ̀-Tèmi. Dígí ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, tí èèyàn fi ń rí oúnjẹ tó bá jẹ bí ó ti ń lọ nísàlẹ̀ ọ̀fun. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní òun yóò fún wa ní gbọ̀ngàn, òun yóò bọ́ wa fún ọjọ́ mẹ́ta, òun yóò tẹ́ ẹní fún ẹni gbogbo.

Mo bi í pé, "Kábíyèsí, kí ni ẹ fẹ́ gbà?"

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ àlejò? Ẹ ṣáà wá jẹun."

Ẹ fi etí sí i. Ọjọ́ tí ẹni tó jù yín lọ bá ní òun kò gba nǹkan kan, ẹ ka ìka ọwọ́ yín kí ẹ tó sùn.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ìlú mẹ́tàdínlógún dé, ẹnìkan kò yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu, ẹ̀tọ́ mi ni: láti ìgbà tí okùn ti wà nínú igbó yẹn, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó kó wọn jọ sábẹ́ òrùlé kan. Ọjọ́ kìn-ín-ní, ìkíni la fi ṣe. Ẹni tó bá dìde yóò kí ọba, yóò kí àwọn ìjòyè, yóò kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ipò ipò, bí ó bá gbàgbé ẹnìkan, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Òrùn wọ̀ lórí ìkíni. Ọjọ́ kejì, a jà lórí ẹni tí yóò jókòó níwájú, a parí ìjà, a jẹun. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n, ọ̀pọ̀ iyán sì kún inú wọn.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó dìde. Mo ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú agbẹ́gi tàbí afíngbá tirẹ̀ jáde, kí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Mo ṣí ìwé, mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ṣẹ̀gilọlá láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn. Ẹnìkan ń fín in sára èkùrọ́, ẹnìkan ń fín in sára òpó, àwọn Elétí-Ewé ń fà á sára àpáta tó wà níta. Nígbà tí mo parí, mo ní kí wọ́n yíjú padà. Ìgalà kan náà ni! Ìgalà kan náà, ìwo rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ká sókè, títí kan ojú rẹ̀ tó ń wo ẹ̀yìn, lára èkùrọ́ àti lára àpáta. Ìjòyè Dígí-Ńlá kan ń sunkún, ẹ wo omijé bí ó ti ń sàn nínú orí rẹ̀ tó jẹ́ dígí bíi ti ọba. Èmi náà sunkún. Mo pe orúkọ Ọdẹ́dìran lọ́kàn, mo ní àbúrò mi, ó ti bọ́ sí i.

Kí ló kù? Kí wọ́n tẹ ìka sí ìwé àdéhùn kí oníkálukú máa lọ. Ibẹ̀ ni Baálẹ̀ abúlé Ìṣín ti dìde. Bàbá yìí ló dàgbà jù níbẹ̀, abúlé tirẹ̀ ló sì kéré jù.

Ó ní, "Ọmọ mi, ilé méje péré ló kù ní Ìṣín. Àwọn ọmọ wa ti ń kó lọ sí Dígí-Ńlá. Bí ìlànà yìí bá jáde láìní ohun kan tó jẹ́ tiwa nínú, ta ni yóò mọ̀ pé a gbé ayé rí? Jẹ́ kí a fi ilà ojú ìdílé wa sára àmì ọ̀fìn tiwa. Ẹyọ ìlà kan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún."

Mo ní, "Bàbá, ọ̀fìn kan, àmì kan ni ìyá wí."

Bàbá náà fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Àgbà tó tó bí ẹni tó bí mi! Ẹ̀yin náà ẹ ronú sí i. Orúnkún rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ tí mo fi sáré lọ gbé e dìde, tí mo sì ń sọ pé, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá, ẹ má gégùn-ún fún mi, mo ti gbà."

Bí mo ṣe ta gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

"Bàbá," Lájídé ń bi mí, "kí ló dé tí ẹ kò kàn kọ̀?" Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀! Ìwọ tí bàbá ìyàwó rẹ kúnlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan péré tí o fi mọ ilé fún un lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tí a kọ́ láti kékeré pé kí àgbà má kúnlẹ̀ lójú òun, kò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu lọ́jọ́ tí àgbà bá kúnlẹ̀.

Àwọn Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta dìde pé ṣé Ìṣín nìkan ló ní ìdílé ni. Mo fún wọn. Àwọn Elétí-Ewé ní tiwọn gbọ́dọ̀ ní etí. Mo fún wọn. Bí a bá fún wèrè lọ́kọ́, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ni yóò máa ro ó sí. Nígbà tí ọ̀sán fi pọ́n, ìlú mẹ́rìndínlógún ló ti ní àmì ọ̀fìn tirẹ̀ nínú ìwé àdéhùn, Ọba Gbogbo-Rẹ̀-Tèmi sì jókòó jẹ́jẹ́, ó ń wò wá. Ìgbà tí ó rí i pé ó kan òun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Àwa kò béèrè nǹkan tuntun ní tiwa. Èyí tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí a máa lò."

Ìjòyè rẹ̀ ṣí awọ kan sílẹ̀ níwájú mi. Mo gbé dígí tiwa sójú. Ìkòkò omi ni.

Ọwọ́ mi lọ sídìí ìbọn, n kò ní purọ́ fún yín. Mo ní, "Kábíyèsí, èyí kọ́. Èyí ló pa àbúrò mi."

Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn. Ó ní, "Ó dùn mí, ọdẹ. Ṣùgbọ́n o ti fún mẹ́rìndínlógún. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwa tí a tẹ́ ẹní fún yín?"

Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn. "Ẹ fún wọn jàre! Ẹ jẹ́ kí á máa lọ sílé!" Wọ́n ti di ẹrù wọn, àwọn mìíràn ti gbé e lérí. Mo wo Baálẹ̀ Ìṣín bóyá yóò gbà mí sílẹ̀, kó ní òun yọ ìlà tòun kúrò. Bàbá ń fi ìka tọ ilà rẹ̀ lórí ìwé, inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tuntun. Oúnjẹ ọba wà nínú mi láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ìka bọ inú tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi títí mo fi jáde nínú ìlú.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Ṣẹ̀gilọlá ti tún aṣọ ró, ó gbé igbá tuntun lé orúnkún, ó ń dúró dè mí.

Ó ní, "Wọ́n tẹ̀ ẹ́?"

"Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìyá. Gbogbo wọn."

"Ọlọ́run ṣeun. Ka àmì ọ̀fìn sí mi létí, kí n fín in fúnra mi."

Mo ká ìwé náà mọ́wọ́. Ó bi mí pé, "Mélòó ni?"

"Mẹ́tàdínlógún, ìyá."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí igbá. Ó ní, "Ti Dígí-Ńlá wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Báwo ló ṣe rí nínú dígí tiwa?"

Ìyá náà kò bi mí mọ́, nítorí pé afọ́jú ń rí ohun tí ẹni tó dákẹ́ ń wí. Ó na igbá sí ọmọbìnrin tó jókòó tì í pé kó lọ gbé e pamọ́.

Ó ní, "Àwọn àlejò yẹn, ṣé wọ́n jẹun yó?"

"Wọ́n yó, ìyá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Máa lọ sílé, Ọdẹ́máyọ̀wá." Kò pè mí ní ọkọ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà títí ó fi kú.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìránṣẹ́ Dígí-Ńlá fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní gbogbo ìlú ló fohùn ṣọ̀kan pé irú ìpàdé yẹn kò ṣẹlẹ̀ rí, pé àwọn fẹ́ kí n máa pè é lọ́dọọdún, kí n sì wá joyè Bàbá Ìpàdé. Mo bi í pé ẹni mélòó ló ti jìn sí ọ̀fìn òkè Àgúnrè láti ìgbà tí a ti tẹ̀ka. Ó ní méjì, ó ní ará Ìṣín ni àwọn méjèèjì. Mo lé e jáde.

Ọjọ́ kejì mo gun òkè Àgúnrè. Mo fẹ́ dí ọ̀fìn náà, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba kò jẹ́, wọ́n ní ó wà nínú àdéhùn, wọ́n fi ojú ìka tí mo tẹ̀ sórí ìwé hàn mí. Mo bá jókòó sétí rẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan, mo máa ń kígbe pé, "Ọ̀fìn wà níbí o! Má gba ibí!" Iwin gbọ́, ènìyàn gbọ́, Elétí-Ewé gbọ́, kò sí ẹni tó nílò dígí láti gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe é, ní òjò ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnìkan kò jìn sí i lójú mi. Lẹ́yìn náà ni orúnkún mi kọ òkè.

Òjò ti dá. Ẹ dìde, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, kí oníkálukú máa wo ibi tó ń gbé ẹsẹ̀ sí. Láti ọdún méjì tí n kò ti lè gun òkè mọ́, kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀, ìkòkò omi náà sì wà lórí okùn, ìka mi sì wà lábẹ́ rẹ̀.